Koríko tí màámi ń ro dànù làwa ń fún ní ajílẹ̀

Ní Ìkirè, àgbàlá ni àlejò kọ́kọ́ máa ń wò kó tó mọ irú ẹni tí onílé jẹ́. Kò gbọdọ̀ sí koríko níbẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́ kedere, ojú ìlà ìgbálẹ̀ á ṣì hàn lórí iyẹ̀pẹ̀ láàárọ̀, ẹni tí koríko bá sì hù dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ará àdúgbò á ti máa bèèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ní Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí mò ń gbé báyìí, ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ilé lẹ́gàn wà fún. Koríko ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n ń ra irúgbìn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fún un ní ajílẹ̀, tí oṣù kẹta bá sì ti wọlé, wọ́n á mú réèkì, wọ́n á máa yà á bí ẹni ń ya irun ọmọ, kí èyí tó ti kú lábẹ́ lè jáde. Nígbà tí mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí màámi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: “Màlúù mélòó lẹ ń sìn?”

Iṣẹ́ ọgbà ní ìgbà ìrúwé jọ ti oko ìgbà àkọ́rọ̀ nílé tí èèyàn bá wò ó láti òkèèrè. Méjèèjì bọ́ sí oṣù kẹta sí ìkẹrin, méjèèjì sì ní ká palẹ̀ mọ́ ká tó gbìn. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń dúró dè nílé kọ́ là ń dúró dè níbí. Nílé, òjò ni. Wọ́n á ti ṣán igbó nígbà ọyẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sun ún, lẹ́yìn náà gbogbo ojú á wá máa wo òkè. Òjò kìíní lè jẹ́ ẹ̀tàn. Ẹni tó bá sáré ju àgbàdo sílẹ̀ nítorí rẹ̀ lè má rí òmíràn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyẹn ni pé ó gbin oúnjẹ fún ẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí màámi fi máa ń dúró kí ilẹ̀ mumi dénú kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Ní Leeds, ta ló ń wá omi? Láti oṣù kọkànlá ni ilẹ̀ ti tutù rinrin, bàtà á rì sí i. Ooru là ń wá. Òòrùn lè ràn dáadáa ní oṣù kẹrin, kí gbogbo èèyàn bọ́ kóòtù, kí ìrì dídì sì tún bọ́ lóru nínú oṣù karùn-ún. Òru kan ṣoṣo ti tó láti sọ ewé tòmátì di dúdú. Nítorí náà, ojú fèrèsé ni oko wa ń ti bẹ̀rẹ̀. Ata ti máa ń wà nínú ike kékeré láti oṣù kejì, tòmátì á tẹ̀ lé e ní oṣù kẹta. Nílé, ẹ̀yìn ilé ìdáná tí wọ́n ń da omi àwo sí ni tòmátì ń hù sí, kò sẹ́ni tó gbìn ín. Níbí, mo ń gbé e káàkiri bí ẹyin.

Pòtétò tiẹ̀ ní ètò tirẹ̀. A máa ń tò ó sínú páálí ẹyin, ibi tí ojú rẹ̀ pọ̀ sí á kọ òkè, nínú yàrá tó mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbóná, títí tí yóò fi yọ ọ̀mùnú kúkúrú, tó ki, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí àlùkò. Ọ̀pọ̀ àgbà ibí gbà pé Ọjọ́ Ẹtì Rere ni kéèyàn máa gbìn ín. Ọjọ́ yẹn lè bọ́ sí ogúnjọ́ oṣù kẹta lọ́dún kan, kó tún bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin lọ́dún mìíràn. Bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ èyí tó jẹ́, wọn ò tíì sọ fún mi.

Palẹ̀mọ́ gan-an ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti màámi lórí fóònù. Wọ́n á rí pòròpórò òdòdó tó kú láti ọdún tó kọjá, wọ́n á ní kí n gé e kíá. Màá ní àwọn olùṣọ́gbà ibí sọ pé ká jẹ́ kí ojú ọjọ́ gbóná díẹ̀ ná, torí àwọn kòkòrò tó ń jẹ iná ewébẹ̀, ìyẹn àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ara ewé mu, ń sùn nínú rẹ̀ nígbà òtútù. “Kòkòrò lò ń fi ilé wọ̀? Ejò ńkọ́?” Wọn ò jẹ̀bi, ẹni tó ti bá ejò nínú igbó ẹ̀yìn ilé rí ló ń sọ̀rọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yà ejò olóró kan ṣoṣo ló wà, kì í sì í sábà wọ àárín ìlú.

Igi tí a fi ṣe ọgbà yíká ilé tún lófin tirẹ̀. Láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹjọ, ẹyẹ lè ti kọ́lé sínú rẹ̀, òfin ọdún 1981 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti mọ̀ọ́mọ̀ ba ìtẹ́ tí ẹyẹ ń lò jẹ́. Mo máa ń ṣí ewé wò kí n tó gé ohunkóhun. Ní ti iná, kò sí òfin tó ní o kò lè dáná lẹ́yìn ilé rẹ, ṣùgbọ́n tí èéfín bá ń yọ aládùúgbò lẹ́nu, ó lè fẹjọ́ sun kánsù. Nílé, wọ́n á sun ún, eérú á di ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Níbí, inú garawa ìdọ̀tí ọgbà ló ń lọ, ọ̀pọ̀ kánsù ló sì ń gba owó lọ́dọọdún kí wọ́n tó kó o. Wọ́n á wá gbé ewé mi lọ, lẹ́yìn náà mo ń lọ ra ilẹ̀dú nínú àpò. Ọdún yìí, mo ti ya igun kan sọ́tọ̀ fún àtàn. Inú màámi dùn sí ìyẹn, torí orí àtàn ni tẹ̀tẹ̀ wọn tó dára jù ti ń hù.

Ètò ohun tí a máa gbìn ló kù. Ní Ìkirè, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí jọ ń wà lórí ilẹ̀ kan náà, ẹ̀gúsí á fẹ̀ bo ilẹ̀, kò ní jẹ́ kí èpò rọ́nà. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi tí òòrùn wà, òjìji gan-an là ń wá kiri. Ní Leeds, òòrùn ni mo kọ́kọ́ máa ń fà sórí ìwé. Ẹ̀gbẹ́ àríwá ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá títí ìgbà ooru. Àmọ́ ní oṣù kẹfà, kì í wọ̀ títí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ á fi kọjá, mo lè dé láti ibi iṣẹ́, kí n jẹun, kí n sì ro ọgbà. Nǹkan kan nìyẹn tí Ìkirè kò ní, tí mo bá máa sọ òótọ́.

Ewúro kò lè rọ́jú òtútù níta. Ewédú ń fẹ́ ilé gíláàsì. Tẹ̀tẹ̀ ló gbọ́ràn jù, tí wọ́n bá gbìn ín ní ìparí oṣù karùn-ún. Ilẹ̀ tó gba òòrùn jù lẹ́yìn ilé wa ni koríko wà, ọkọ mi sì ní kí n má fọwọ́ kàn án torí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ. A ti fa okùn sí àárín rẹ̀: apá ibi ògiri ni tèmi, mo sì ti gbé ọkọ́ lé e.