Ọjọ́ kẹrin láìsí ẹrù

"Ṣé ẹrù wọn ò tíì dé ni, àbí wọn ò ní?"

Àwọn tó ń pọn omi nísàlẹ̀ ló sọ ọ́ láàárọ̀. Wọn ò mọ̀ pé èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ń gbọ́. Ilé tó ṣófo kì í pa àṣírí mọ́: kò sí kọ́tìnnì, kò sí tìmùtìmù, gbogbo ohùn ìta ló ń wọlé tààrà. Tinú ilé náà ń jáde bẹ́ẹ̀, ìdí tí mo fi ń rọra wúkọ́ nìyẹn.

Kò dùn mí o. Ó dáa, ó dùn mí díẹ̀.

Téèyàn bá ń sùn sílẹ̀ lórí táìsì, òtútù ló ń báni jà, kì í ṣe líle ilẹ̀. Ẹní nìkan ò tó o. Páálí ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, ìṣẹ́po méjì, kí ẹní gorí ẹ̀, kí ìró wá gorí ẹní. Páálí firíìjì ló dáa jù, ó gùn tó èèyàn. Tílẹ̀ bá ti mọ́, kí wọ́n ká gbogbo ẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n fi páálí ti ògiri kí abẹ́ ẹ̀ lè gbẹ, torí ooru ara máa ń di ọ̀rinrin lábẹ́ ẹní. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ bu, yàrá á wá máa rùn bí aṣọ tí òjò pa.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tún ńkọ́? Ìṣó lásán ò wọ kọnkéré, ńṣe ló ń ká. Okùn kan ni kí wọ́n so láti irin fèrèsé ọ̀tún dé ti òsì, kó le dáadáa, kí wọ́n da nẹ́ẹ̀tì lé e bí àtíbàbà, kí wọ́n ki etí ẹ̀ sábẹ́ ẹní yí ká. Bí okùn bá dẹ̀, nẹ́ẹ̀tì á sọ̀ kalẹ̀ kan apá, ẹ̀fọn á dúró síta jẹun. Tuntun tó ní oògùn lára, wákàtí 24 ni kó fi gba afẹ́fẹ́ níbi òjìji ká tó sùn sábẹ́ ẹ̀.

Àbí wọn ò ní.

Kí ni mi ò ní gan-an? Gílóòbù. Ayálégbé tó kó jáde ti tú gbogbo ẹ̀ lọ. Kéèyàn tó sáré lọ ra, kó gbójú sókè wo ẹnu ibi tó ń wọ̀: ọ̀kan wà tí wọ́n ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, ọ̀kan sì ń gba gílóòbù tó ní irin kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń tì sókè kí wọ́n tó yí i díẹ̀. Méjèèjì ló wà nílé yìí, ẹ wo wàhálà. Kí wọ́n sì béèrè gbèsè orí mítà kí wọ́n tó ra iná. Ó burú kéèyàn fara balẹ̀ tẹ nọ́ńbà 20, kó wá rí i pé wọ́n ti yọ owó ẹlòmíì níbẹ̀.

Gáàsì kílò 3 tó ń gbé iná lórí tó fún ìkòkò kan. Rọ́bà ọrùn ẹ̀ ni kí wọ́n máa wò: bó bá ti gé, gáàsì á máa jò níbẹ̀. Kí wọ́n fi ìfófòó ọṣẹ pa ọrùn náà, bó bá ń yọ ìléróró, kí wọ́n má ṣáná sí i rárá.

Mi ò mọ ìdí tí mo fi ń rojọ́ báyìí, bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Màmá tó sọ̀rọ̀ yẹn náà ló kí mi lọ́sàn-án, "Ilé á tura o." Mo ní, "Àmín, mà." Bóyá ìbéèrè lásán ni. Èmi náà ti béèrè irú ẹ̀ rí nípa àwọn kan, ẹ mọ àwọn tí mò ń wí...

Awakọ̀ pè nírọ̀lẹ́: ọkọ̀ ò tíì kún, ó ń dúró de ẹrù ẹlòmíì ní Mushin. Ẹrù 23 ni mo kọ sínú ìwé tí mo fún un. Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì dé, mo jókòó lé e, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n lórí. Mo ka 15. Kí ló tiẹ̀ wà nínú àpò aláwọ̀ búlúù yẹn?