Mo dé ilé agbẹjọ́rò tó pe àwọn bàbá wa ní oṣó

20 dọ́là! Láti Havana àtijọ́, ní olú-ìlú Kúbà, dé àdúgbò Vedado, 20 dọ́là ni awakọ̀ takisí yẹn gbà lọ́wọ́ mi, nínú ọkọ̀ tí mo fi ọwọ́ di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú títí a fi débẹ̀. Nígbà tí mo ń padà, 5 dọ́là ni ẹlòmíràn gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ná an kí ẹ tó jókòó, kí ẹ sì kó owó wẹ́wẹ́ dání, torí "kò sí ṣéńjì" ni gbogbo wọn ń wí. Káàdì báǹkì Amẹ́ríkà kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá.

Ilé Fernando Ortiz, agbẹjọ́rò ọmọ Kúbà tó pe àwọn bàbá wa ní oṣó, ni mo ń lọ, ní igun Calle L àti 27, nítòsí Yunifásítì Havana. Àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Àìkú ni mo lọ, ìta ni mo dúró sí, oòrùn ń pa mí, inú sì ń bí mi. Ọ̀rọ̀ takisí nìkan kọ́.

Havana ni wọ́n bí Ortiz sí ní 1881, Menorca ló ti dàgbà. Ó ka ìwé òfin ní Havana àti Barcelona, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Madrid ní 1901. Ọpọlọ rẹ̀ pé, kò sí àríyànjiyàn. Ìjọba Kúbà rán an lọ ṣiṣẹ́ kọ́ńsúlù ní Yúróòpù, Ítálì ló sì ti pàdé Cesare Lombroso, onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, ẹni tó ń kọ́ni pé láti inú ìyá ni àwọn kan ti ń gbé ìwà ọ̀daràn wáyé.

Ẹ wo ohun tí ẹ̀kọ́ yẹn bí. Ní 1906, ìwé rẹ̀, *Los negros brujos* ("Àwọn oṣó aláwọ̀ dúdú"), jáde ní Madrid, lẹ́tà Lombroso wà níwájú rẹ̀. Bíi ọmọ ọdún 25 péré ni nígbà yẹn. Àwọn Lucumí, èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, ni Ortiz kó òrìṣà wọn sínú ìwé ọ̀ràn, tó pe àwọn àgbà wọn ní oṣó. Láti inú ìwé àti ìwé ìròyìn ló ti mọ̀ wọ́n jù! Ọdún yẹn náà ni wọ́n fi í ṣe agbẹjọ́rò ìjọba ní Havana. Ẹni tó lè fẹ̀sùn kan èèyàn nílé ẹjọ́ ló kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Bíi ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, òun kan náà ló gbé àwọn onílù bàtá jáde fáráyé níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo yìn ín fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló bẹ àwọn tó ti fi orúkọ oṣó kú?

Lọ́jọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Regla, ní òdìkejì omi Havana. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, òun ló sì dùn jù nínú gbogbo ìrìnàjò mi. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ búlúù àti funfun bi mí níbi tí mo ti wá. Mo ní Nàìjíríà, Yorùbá ni mí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó bu omi sínú igbá, ó ta á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta:

"Omi tuto, ona tuto, ilé tuto."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo ní, "Àṣẹ, ìyá." Ó wá ní kí n pe Yemayá bí a ṣe ń pè é nílé. Mo ní, "Yemọja." Ó wò mí lẹ́nu, ó tún un pè, ó tún un pè, títí ohùn rẹ̀ fi bá tèmi mu.