Ẹ fọ̀ wọ́n kí ẹ tó kùn wọ́n

Sátidé tó kọjá ni, ó ṣì ń dùn mí. Ọmọ ogun Napoleon oníke 48 ni mo kó lọ síbi tí a ti ń ṣeré ogun orí tábìlì ní London. Àwọn kéékèèké 1/72 yìí ni (èèyàn gidi ga jù wọ́n lọ ní ìlọ́po 72), tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀ lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kùn wọ́n, lálaalẹ́, bí àwọn ìbejì bá ti sùn. Inú kọ̀ǹkò áíìsìkiriìmù ni mo rọ́ wọn sí.

Mo ṣí i lójú gbogbo èèyàn. Ìpẹ́! Àfi bí ẹni pé wọ́n ha ẹja síbẹ̀: ìpẹ́ búlúù, ìpẹ́ funfun, ìpẹ́ pupa. Ibi ìbọn ló bó jù, torí ibẹ̀ ló ń tẹ̀ jù. Mo mú ọ̀kan, mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, bàtà rẹ̀ bọ́ lódindi bí awọ ejò. Ẹni tí a jọ fẹ́ jagun ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kàn gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo délé, ìyàwó mi wo inú kọ̀ǹkò, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ẹ má sọ pé ọ̀dà gbàrọgùdù ni mo rà. Ọ̀dà mi dáa. Polyethylene ni ike yẹn, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe náílọ̀n píọ̀ wọ́tà. Ẹ kun náílọ̀n píọ̀ wọ́tà wò ná! Òróró tí wọ́n fi pa inú mọ́ọ̀dù tún lè wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ o, ojú ló ń kán mi.

Torí náà, ẹ fọ̀ wọ́n. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ mọ́jú. Ẹ wá fi gúlúù funfun káfíńtà, PVA, tí ẹ fi omi díẹ̀ pò, pa wọ́n lára. Bó bá gbẹ, ó máa ń bá ike tẹ̀ ni. Acrylic, ọ̀dà tí a ń fi omi pò, ni kí ẹ fi kùn wọ́n, kí ẹ tún fi fáníìṣì bò ó. Ẹ lẹ ẹsẹ̀ wọn mọ́ páálí, páálí náà ni kí ẹ máa dì mú. Kọ̀ǹkò áíìsìkiriìmù ńkọ́? Ẹ má dán an wò. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá fọ̀ wọ́n, asán ni gbogbo rẹ̀.

Mo ti tún mẹ́fà ṣe. Lálẹ́ àná mo tẹ ìbọn ọ̀kan síwá sẹ́yìn, kò bó. 42 yòókù wà nínú omi ọṣẹ lábẹ́ síǹkì, ìyàwó mi sì ti ń bèèrè bàsíà rẹ̀.