Ọdún mẹ́rìnlá nídìí lẹ́sìnnì ìṣirò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ọmọ àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ní lẹ́sìnnì nílé wọn ní Bódìjà, ní Ìbàdàn, wà ní SS2 nígbà náà, ohun tí ìyá rẹ̀ sì sọ fún mi ni pé simultaneous equation, ìṣirò tí a ti ń wá iye méjì tí a kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ni kò yé e. Mo gbà á gbọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe ìṣirò kan tẹ̀lé òmíràn sínú ìwé rẹ̀, tí ọmọ náà ń mi orí, tí ó ń sọ pé, "Ó ti yé mi, sà." Nígbà tí èsì ìdánwò sáà kejì jáde, máàkì rẹ̀ kò kúrò níbi tí mo ti bá a. Ìyá rẹ̀ kò pariwo, ó kàn fi ìwé èsì náà lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi wò ó, kí ni ẹ̀yin àti ọmọ yìí ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí?" N kò rí èsì fọ̀.

Lọ́jọ́ náà, dípò kí n ṣí ìwé síbi tí a dé, mo ní kí ó ro ìdajì àti ìdámẹ́ta pọ̀. Ó kọ 2/5. Ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Mo bi í pé bí wọ́n bá fún un ní ìdajì ọsàn, tí wọ́n sì tún fi ìdámẹ́ta ọsàn mìíràn kún un, ǹjẹ́ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè kéré sí ìdajì? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí ó tún wo 2/5 tó kọ. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Láti píráímárì ni ìṣirò ìdá ti bọ́ mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sì kọ́ lé e lórí láti ìgbà náà wá, ńṣe ni ó ń há a sórí lásán. Ibi tó ń dun ọmọ kọ́ ni egungun ti ṣẹ́.

Nítorí náà, n kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́ láti inú ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí bá dárúkọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo máa ń gbé ogún ìbéèrè síwájú ọmọ, èyí tó rọrùn jù nínú wọn jẹ́ ti píráímárì kẹrin, èyí tó le jù sì jẹ́ ti kíláàsì tó wà. N kì í ka iye tó gbà. Ohun tí mo ń wò ni ibi tó ti pa iṣẹ́ rẹ́, ibi tó ti ń fi ìka kà lábẹ́ tábìlì, àti ìbéèrè tó fò láìgbìyànjú. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe ọmọ ló ní ìdí tirẹ̀. Mo ti rí ọmọ tó yọ 37 kúrò nínú 52, tó kọ 25, nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún un rí pé kékeré ni a máa ń yọ kúrò nínú ńlá. Ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó yọ 3 kúrò nínú 5, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ẹ bá kàn fa àmì pupa sí i, tí ẹ kò bi í bó ṣe ṣe é, yóò tún ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ èdè ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èmi àti àwọn òbí kan kì í ti í gbọ́ ara wa yé. Mo kọ́ ọmọdébìnrin kan tí ìyá rẹ̀ àgbà tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó mú un wá sí Ìbàdàn. Ó wà ní píráímárì kẹta, 45 + 38 sì ń dà á láàmú nínú ìwé. Mo ní kí ó pe nọ́ńbà méjèèjì ní Yorùbá. Ó ní márùndínláàádọ́ta, ó ní méjìdínlógójì. Mo bi í pé kí ni "dín" ń wá nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ronú, ó ní àádọ́ta ni, ṣùgbọ́n márùn-ún ti dín nínú rẹ̀. Kí n tó sọ ohun kan, ó ti ro àádọ́ta mọ́ ogójì, ó ti yọ márùn-ún, ó ti yọ méjì, ó sì ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ọ̀nà kan náà ni ó fi ń ṣe 19 × 6 báyìí: ogún lọ́nà mẹ́fà jẹ́ ọgọ́fà, yọ mẹ́fà, ó ku 114. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní mental arithmetic, tí wọ́n ń ta ìwé rẹ̀ lówó gọbọi, ti wà lẹ́nu ìyá àgbà ọmọ náà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1970, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ wọn, títí kan ìṣirò, fún odidi ọdún mẹ́fà píráímárì, tí wọ́n sì ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, àwọn òbí kan máa ń fajú ro bí wọ́n bá gbọ́ tí mo ń sọ Yorùbá nídìí ìṣirò, bí ẹni pé owó wọn ń ṣòfò. Bí a bá dé orí logarithm, Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń lò, nítorí pé òun ni ìdánwò yóò fi bi ọmọ.

Ohun tó pẹ́ jù kí n tó kọ́ ni bí a ti ń dákẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọmọ ni mo ń jókòó sí báyìí, ọwọ́ ọmọ ni bírò sì máa ń wà. Bí ó bá há, mo máa ń ka ení, èjì dé ọgbọ̀n nínú ọkàn mi kí n tó la ẹnu, bí mo bá sì là á, ìbéèrè ni mo ń bi í. Nínú ilé kan tí ẹ̀gbọ́n wà ní SS1 tí àbúrò wà ní píráímárì karùn-ún, mo máa ń ní kí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé L.C.M., ìyẹn nọ́ńbà tó kéré jù tí a lè fi nọ́ńbà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pín láìṣẹ́kù, fún àbúrò. Lẹ́ẹ̀kan, ó dé àárín ọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ó ní, "Sà, mo rò pé èmi náà kò mọ ìdí rẹ̀." Ìtẹ̀síwájú ńlá ni lójú mi.

Àwọn àgbà tí mo ti kọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́ èmi náà. Ìyá kan tó jẹ́ télọ̀ fẹ́ ṣe GCE kí ó lè wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ó sì ti gbà pé òun kò ní orí ìṣirò. Mo bi í bó ṣe ń gé síkẹ́ẹ̀tì flare. Ó ní òun á wọn ìbàdí, òun á fi 6.28 pín in, iye tó bá jáde ni òun á fi tépù wọ̀n láti igun aṣọ tí òun ti ṣẹ́ sí mẹ́rin. Bí ìbàdí bá jẹ́ ínṣì 28, nǹkan bí ínṣì mẹ́rin àbọ̀ ni. Mo kọ C = 2πr sílẹ̀, níbi tí C ti jẹ́ àyíká róbótó, tí r sì jẹ́ ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí, mo sì fi hàn án pé 6.28 rẹ̀ ni 2π, pé ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fi lé e lọ́wọ́ láìpe orúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ni mo fi ń ṣàlàyé gbogbo ẹ̀kọ́ nípa róbótó fún un.

Ní ti WAEC, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìbéèrè 50 ló wà nínú objective, wákàtí kan àbọ̀ ni wọ́n fún un. Nínú theory, ìbéèrè 13 ni wọ́n máa ń gbé jáde, mẹ́wàá ni ọmọ yóò dáhùn. Márùn-ún àkọ́kọ́ pọn dandan, máàkì 40 ló sì wà lórí wọn. Àwọn ọmọ máa ń sáré lọ bá apá kejì, nígbà tó jẹ́ pé apá àkọ́kọ́ ni ohun tí wọ́n ti kọ́ láti JSS pọ̀ sí jù. Kí wọ́n máa kọ iṣẹ́ wọn sínú ìwé, nítorí pé máàkì wà fún ọ̀nà, bí ìdáhùn tilẹ̀ ṣì.

Lọ́jọ́ tí mo bá kọ́kọ́ dé ilé kan, kí a tó sọ̀rọ̀ owó, mo máa ń sọ fún òbí pé ó ṣeé ṣe kí oṣù àkọ́kọ́ kọjá láìfọwọ́ kan ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, àti pé n kì í bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àmúrelé. Bàbá kan gbọ́ pé ìṣirò ìdá ni mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS3, ó dá mi dúró, ó mú olùkọ́ mìíràn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ìdánwò ló ń bà á, n kò sì bá a jiyàn. Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà pé lọ́wọ́ mi.