Ibi Tí Èrè Onígíláàsì Ti Ń Jò ní Àbújá

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ṣì wà ní nǹkan bíi ₦465 lọ́jà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti fo ₦1,500 kọjá. Òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú gíláàsì fèrèsé wa ti ń wá. Èkó ló máa ń gúnlẹ̀ sí, kí tírélà tó gbé e gba Lọ́kọ́ja wá sí Dẹ́ì-Dẹ́ì, ọjà ohun ìkọ́lé ní Àbújá, nítorí náà dọ́là àti dísẹ́ẹ̀lì jọ ń jẹ lára rẹ̀ ni. Oníṣẹ́ tó bá dá iye lónìí, tó wá lọ ra ọjà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni èrè rẹ̀ ti ń jò.

Ẹ kọ ọ́ sára ìwé iye pé ọjọ́ mẹ́ta péré ni iye yìí fi dúró. Kí owó àsansílẹ̀ kárí gíláàsì, aluminíọ̀mù, rọ́bà, sílíkọ́ọ̀nù (gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí etí gíláàsì) àti ọkọ̀. Owó iṣẹ́ nìkan ni kó ṣẹ́kù. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ni kí ẹ ra ọjà. Owó iṣẹ́ Kúbwà tí a fi ń parí ti Lúgbẹ̀ ló ń sọ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ di onígbèsè.

Ibi kejì ni orí tábìlì ìgégíláàsì. Ẹ mú odidi gíláàsì 3300 sí 2140 mìlímítà. Ká ní ojú fèrèsé 1150 sí 580 lẹ fẹ́ gé. Tí ẹ bá tẹ́ gbogbo rẹ̀ sí ìbú, mẹ́fà ló máa jáde. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ́kọ́ gé 1150 kúrò lára gíga rẹ̀, ìyẹn 2140, márùn-ún tó dúró yóò jáde níbẹ̀. Nínú 990 tó ṣẹ́kù, méjì tó sùn tún jáde. Ó di méje. Ọ̀já 410 tó kù sílẹ̀ ṣì lè bí ewé lúfà mẹ́wàá, 610 sí 152 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sórí bébà kí dáyámọ́ǹdì tí a fi ń gé e tó kan gíláàsì.

Àwọn kan ń kọ gíláàsì tó nípọn 5 mìlímítà sínú ìwé, wọ́n ń fi 4 sí fèrèsé, torí rọ́bà máa bo etí rẹ̀. Ó dùn mí. Gíláàsì 5 wúwo tó kílò 12.5 ní mítà kan níbùú lóòró, 4 kò ju 10 lọ. Tí ìjì oṣù kẹrin bá dé, ojú fèrèsé tó fẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ̀tàn ni, òun ló sì ń ba iye jẹ́ mọ́ olóòótọ́ lọ́wọ́.

Ní ti àtúnṣe, ẹ wo ojú sísán kí ẹ tó dá iye. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti etí, tó wọlé tààrà, oòrùn ló fà á. Gíláàsì dúdú tí etí rẹ̀ wà lábẹ́ ìbòòji ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ó bá tàn ká láti ojú kan, òkò ni. Ti oòrùn yóò tún sán tí ẹ kò bá fi òkúta dán etí tuntun náà, kí ẹ fi mìlímítà 3 sílẹ̀ yípo, kí ẹ sì gbé e lé rọ́bà méjì.

Tẹ́mpà, ìyẹn gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, kò ṣe é gé mọ́ lẹ́yìn tó ti inú iná jáde. Ẹ wọn ojú ilẹ̀kùn lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí ẹ mú èyí tó kéré jù. Ilẹ̀kùn 900 sí 2100 tó nípọn 10 wúwo tó kílò 47, kí ẹ ra súpíríǹgì ilẹ̀, èyí tí ilẹ̀kùn ń yí lé lórí, tó lè gbé e.

Sílíkọ́ọ̀nù tó ń rùn bí ọtí kíkan kò gbọdọ̀ kan ẹ̀yìn dígí tí a fi ń wojú, ó máa ń jẹ ẹ́ dúdú. Ẹ sì gbọ́n eruku ọ̀yẹ́ kúrò nínú ihò omi fèrèsé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, inú pálọ̀ ni omi máa gbà.