Ọdún Mẹ́rin Tí Mo Fi Ń Sọ Pé "Tó Bá Di Ẹ̀ẹ̀rùn"

Ọdún 2025 ku ọjọ́ méjì. Ní irú ọjọ́ báyìí ni mo máa ń mú ìwé kékeré tí mo kọ ètò ọdún sí nínú oṣù kìíní, kí n fa ìlà sábẹ́ ohun tó yọrí, kí n sì fi bírò pupa yí èyí tí kò yọrí ká.

Tọdún yìí kò gbà mí lákòókò. Ilé tí mò ń kọ́ ní Kuje ti rí òrùlé, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Owó ilé ìwé àwọn ọmọ jáde lásìkò fún táàmù méjì, ẹ̀kẹta fà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi ti wálẹ̀. Lọ́dún 2021 ni dókítà ti sọ fún mi pé kí n wá ohun tí yóò máa mú mi rìn, kí òun má baà máa fi oògùn kún oògùn. Gọ́ọ̀fù ni mo rí. Ẹni tó fi ọ̀pá rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ ni Bàbá Ìbejì, aládùúgbò mi ní Kubwa, tí iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n kan náà pa wá pọ̀.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìbejì ni mo fẹ́ sọ. Nínú ìwé kékeré yẹn, ohun kan wà tí mo ti kọ láti 2022 títí di ọdún yìí, ọdún mẹ́rin gbáko: "Jọs pẹ̀lú Bàbá Ìbejì." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fi bírò pupa yí i ká.

Nígbà àkọ́kọ́ tó mú mi dé pápá IBB ní Àbújá, ó yà mí lẹ́nu bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe rọ̀ tó. Ihò 18 ni pápá náà ní, tí a máa ń gbá bọ́ọ̀lù wọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín já ti rin bíi kìlómítà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ń gbá ilẹ̀, mò ń gbá koríko, bọ́ọ̀lù ń wò mí. Òun kàn yí ejíká, bọ́ọ̀lù sì ti lọ. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ. Ó ní, "Àwọn tí mò ń gbé àpò fún ni." Mi ò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé Jọs ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ta aṣọ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú wọn ṣe tú yáyá lọ sí Òkè Ọya. Bàbá Ìbejì wà ní ọmọ bí ọdún mẹ́wàá nígbà tó ń yọ́ wọ pápá gọ́ọ̀fù láti wá bọ́ọ̀lù tó sọnù sínú igbó, tó ń fọ̀ wọ́n, tó ń tà wọ́n padà fún àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá ológun tó ń gbá a. Láti orí bọ́ọ̀lù ló ti di ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù fún wọn, tó ń wo ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, bàbá rẹ̀ kó gbogbo ilé padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ní 2002, iná jó ọjà ńlá Jọs tí wọ́n ń pè ní Terminus, tòun ti ìsọ̀ wọn. Kò padà síbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ní ìparí 2021 ló kọ́kọ́ sọ ọ́: "Àjàní, jẹ́ ká wa mọ́tò lọ sí Jọs lọ́jọ́ kan. Ká gbá bọ́ọ̀lù, ká jẹun, ká padà." Bọ́ọ̀lù àti oúnjẹ ni mo gbọ́. Mo ní, "Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn." Lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlu rélùwéè Àbújá sí Kàdúná ní oṣù kẹta, ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò? Mo ní tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́dún 2023, ọ̀wọ́n owó tuntun àti ìdìbò ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó epo sì fò fẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2024, ilé Kuje ni. Gbogbo àwíjàre yìí ló ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kàkà kó bínú, ṣe ló máa ń ní, "Ó dáa, a ó lọ."

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yìí, ìyá rẹ̀ kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. A sin wọ́n tán, a ń padà bọ̀ ní Àbújá, ló yíjú sí mi nínú mọ́tò tó ní, "Àjàní, mo fẹ́ rí Jọs." Kò mẹ́nu ba gọ́ọ̀fù. Kò mẹ́nu ba oúnjẹ.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá la gbéra. A fi àdéhùn mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn ìyàwó wa: a ò ní rìn lóru, a ó máa pè láti gbogbo ìlú tá a bá dé, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún wa lójú ọ̀nà pé ibì kan kò dára, a ó yí padà. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ Nyanya àti Mararaba jẹ wákàtí kan àbọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Láti Keffi, ọ̀nà là. Ní Akwanga, a jẹ iyán gbígbóná pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí lábẹ́ àtíbàbà, iṣu tuntun tí kò ní kókó kan ṣoṣo. Obìnrin tó gún un kò jókòó ní gbogbo àkókò tá a fi jẹun. Iyán yẹn wà lára ohun tí mo fa ìlà sí lábẹ́ nínú ìwé mi, mo sì kọ orúkọ ìlú náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti Akwanga ni ilẹ̀ ti ń gòkè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ Hawan Kibo, òkè kọ́lọkọ̀lọ tí tírélà máa ń fi jíà kìíní pọ́n, tí àpáta wà lápá kan, tí ọ̀gbun wà lápá kejì. Bàbá Ìbejì ló ń wakọ̀. Bá a ṣe dé òkè, ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, ó sì yí gíláàsì wálẹ̀. Òtútù wọlé. Kò sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ títí tá a fi kọjá àpáta Riyom, níbi tí àwọn obìnrin ti to pòtétò, káróòtì àti kábéèjì sẹ́bàá títì. Ibẹ̀ ló ti wá sọ pé, "Òórùn rẹ̀ nìyí."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a jẹ gwote, oúnjẹ àwọn Bẹ́rọ̀m. Acha ni wọ́n fi ń sè é, ọkà tí wóró rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Wọ́n sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ àti ẹran, ó rọ̀, kò wúwo nínú. Mo jẹ àwo méjì. Dókítà mi ì bá dunnú sí i, nítorí iyọ̀ rẹ̀ mọ níwọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a lọ sí Rayfield, pápá gọ́ọ̀fù Jọs. Ihò 9 la gbá. Jọs ga ju òkun lọ ní nǹkan bíi mítà 1,200. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti Àbújá lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ di bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Bàbá Ìbejì ti kìlọ̀ fún mi, mi ò gbà. Mo mú ọ̀pá keje tí mo máa ń fi gbá mítà 125 nílé, bọ́ọ̀lù sì gba orí ibi tí mo fojú sí kọjá lọ bí ẹyẹ. Ó ní kí n máa mú ọ̀pá tí kì í gbá bọ́ọ̀lù jìnnà tó èyí tí ọkàn mi bá sọ. Ó ń ṣàlàyé bí ó ṣe rí ní kékeré rẹ̀, tó jẹ́ pé kì í ṣe koríko ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé lórí nídìí ihò. Iyanrìn ni, tí wọ́n po epo mọ́ kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Brown ni wọ́n ń pè é, káàkiri pápá Òkè Ọya, nítorí omi ṣọ̀wọ́n fún koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ tó ń gbé àpò ló máa fi pákó wọ́ ojú iyanrìn náà kó tẹ́jú kí ọ̀gá tó gbá a. "Mo mọ̀ ọ́n wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ," ló wí, ó sì fi ọwọ́ hàn mí nínú afẹ́fẹ́, láti àárín jáde sẹ́yìn, bí ẹni ń gbálẹ̀.

Ní ihò kẹfà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yà sínú koríko gíga. Òun kì í sábà yà. Láti 2019, ìṣẹ́jú 3 ni òfin fún ni láti wá bọ́ọ̀lù tó sọnù, ìṣẹ́jú 5 ni tẹ́lẹ̀. Mo wo aago, mo pè é pé àkókò ti tó, kó lọ gbá òmíràn. Kò dáhùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ ya koríko díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé àpò fún wa dúró, èmi náà dúró. Nígbà tó jáde, bọ́ọ̀lù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Ó ti dúdú, èèpo rẹ̀ ti là. Ó nù ún sára ṣòkòtò, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Kó tó di pé a kúrò ní pápá, ó bi ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní èdè Haúsá bóyá ó ń lọ sí ilé ìwé. Ó ní òun wà ní ọdún kejì, iṣẹ́ àpò yìí lòun fi ń gba fọ́ọ̀mù. Bàbá Ìbejì yọ ọ̀pá mẹ́ta nínú tirẹ̀ fún un. Òfin gbà kéèyàn ní ọ̀pá 14 nínú àpò. 11 ló kù nínú tirẹ̀ títí di òní, kò sì tíì ra òmíràn. Àwọn kan máa ń sọ pé eré olówó ni gọ́ọ̀fù, kí ló kan tálákà níbẹ̀. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ Ẹtì yẹn, àwọn tó ń gbé àpò ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń wá bí mo bá ti wọ pápá, mo sì máa ń bèèrè orúkọ wọn.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta la wọ àárín ìlú. Ó fi Terminus hàn mí, ó ń tọ́ka: ibí ni wọ́n ti ń ta bàtà, ọ̀hún ni ti àwọn aláṣọ. Lẹ́yìn náà ló darí mọ́tò sí àdúgbò wọn àtijọ́. Ó rọra ń wakọ̀, ó ń ka ilé. Ó dúró níwájú ọ̀kan. Ilé ọ̀hún wà níbẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, wọ́n ti mọ odi sí i, àwọn ọmọ kan ń ṣeré ní ẹnu ọ̀nà. Ó yọ fóònù, ó gbé e sókè láti ya ilé náà. Lẹ́yìn náà ló dá fóònù padà sápò láìyà á.

Ibẹ̀ ló ti wá yé mi. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ìyá rẹ̀, bí wọ́n bá wá sí Àbújá, ìbéèrè kan wà tí wọn kì í gbàgbé láti bi í níṣojú mi: "Ǹjẹ́ ilé wa ní Jọs ṣì wà?" Òun á ní, "Èmi pẹ̀lú Àjàní fẹ́ lọ wò ó, Màámi." Ìdí tó fi fẹ́ lọ láti 2021 nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò fún ti lọ.

Mo ní, "Bàbá Ìbejì, jọ̀ọ́, forí jì mí." Ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní, "Àjàní, a ti dé." Ó yí mọ́tò padà.

A ò jẹun láàárọ̀, ebi ti ń pa wá. A rí búkà Yorùbá kan, màmá àgbàlagbà ló ni ín. Bàbá Ìbejì ní, "Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ bá wa fi gbẹ̀gìrì lé e." Màmá náà wò ó lójú. "Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹ́, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ ajílété! Apá ibo?"

"Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, mà. Àmọ́ ibí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń ta aṣọ ní Terminus."

Màmá náà gbé ìpọnbẹ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi náà ní ìsọ̀ níbẹ̀ kí iná tó jó o. Ata gígún ni mò ń tà. Mi ò lè purọ́ fún ọ, ọjà yẹn tóbi, mi ò mọ bàbá rẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ aláṣọ ni wọ́n, màá ti gba ojú ìsọ̀ wọn kọjá. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibẹ̀ kọjá."

Bàbá Ìbejì jẹ àmàlà mẹ́rin. Mi ò rí i kó jẹun bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìsìnkú. Nígbà tá a fẹ́ sanwó, màmá kò gba owó ẹran. Òun náà kò sì jà wọ́n níyàn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ búkà yẹn.

A padà lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú àpò pòtétò méjì. Kí oòrùn tó wọ̀ la ti dé Àbújá, a sì pe àwọn ìyàwó wa wá bá wa ní Mammy Market, níbi tí wọ́n ti ń sun ẹja àrọ̀ lórí ẹyin iná pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà. Òun ló sọ ìtàn màmá aláta fún ìyàwó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò níbẹ̀.

Mo ti fa ìlà sábẹ́ "Jọs". Nínú ìwé tuntun, "Kàdúná pẹ̀lú Bàbá Ìbejì" ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́, ọjọ́ sì wà níwájú rẹ̀: Sátidé kẹta nínú oṣù kìíní. Rélùwéè la ó wọ̀ láti Idu. Pápá wọn ń dúró dè wá, òun ló sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dín máásà dáadáa. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i.