Carlsbad la ń lọ, Fort Stockton ni ọ́ìlì dá wa dúró sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú tán kí n tó sọ̀rọ̀ ihò abẹ́ ilẹ̀ Carlsbad ní New Mexico, torí owó tí ẹnì kan fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa ní Fort Stockton, ní Texas, ṣì ń dùn mí, bẹ́ẹ̀ a ò san án o.

RV wa, ọkọ̀ ńlá tí èèyàn ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, ti dàgbà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wà, ẹ̀gbẹ́ ni rédíétọ̀ wà, nítorí náà bẹ́líìtì ò lè dé ibi fáànù. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì lọ sínú mọ́tò kékeré kan (ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ọkọ̀) tó ń yí fáànù náà. Bí mọ́tò yẹn bá ń jò, fáànù á máa fẹ́ ọ́ìlì lu rédíétọ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, atẹ́gùn ò ní ráyè kọjá mọ́, ẹ́ńjìnnì á wá máa gbóná.

Láti Houston, ọ̀nà I-10 la gbà, ara wa dá ṣáṣá. Níbi tí a ti ń ra epo ní Fort Stockton ni Màmá, ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn, ti fi ìka nu gíláàsì ọkọ̀ kékeré tí RV ń wọ́ tẹ̀lé e. Ó na ìka náà sí wa: ọ́ìlì pupa, iyanrìn lára rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ọ́ìlì ń jò o." Màmá ti ta páàtì mọ́tò ní Agodi Gate rí.

Mẹkáníìkì tí a pè tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ RV, kò fọwọ́ kan sípánà rárá. Ó ní mọ́tò fáànù ti kú, kí a ra tuntun, kí a pààrọ̀ pọ́ǹpù náà mọ́ ọn: $4,200. Owó pé ó wá wò ó, $185, a sì san ìyẹn. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Mọ́tò tó kú tó ṣì ń yí fáànù? Irú òkú wo nìyẹn? Síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, ló já."

A rọra wà á dé ibi tí wọ́n ń gbé RV sí. $62 lóru kan, omi gbígbóná ò sí, Wi-Fi wọn ò sì kọjá ẹnu ọ́fíìsì. Ọkọ mi wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó tú mọ́tò náà. Àmàlà tí mo rò fún wọn lọ́jọ́ náà, ìdajì rẹ̀ eruku ni.

Ìmọ̀ràn mi: bí irú ẹ̀ bá ṣe yín ní ìwọ̀ oòrùn Texas, ẹ fi mẹkáníìkì RV sílẹ̀. Ẹ tú mọ́tò fáànù yín, kí ẹ gbé e lọ sí Odessa. Ìlú epo rọ̀bì ni, haidirólíìkì, ìyẹn agbára ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì, ni ẹ̀rọ wọn fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń tún un ṣe pọ̀ níbẹ̀. Bàbá kan tó ti hewú tú tiwa palẹ̀ lójú wa. Ó fi èékánná yí irin àárín rẹ̀ ká, bóyá ó ti jẹ. Kò jẹ. Ó wá yọ síìlì jáde, rọ́bà bí òrùka, ó ti gan, ètè rẹ̀ ti yí síta.

Ó wá béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ fílítà inú táǹkì ọ́ìlì gbẹ̀yìn. Ìwé tí ẹni tó ta RV náà kó fún wa ò dárúkọ fílítà kankan. Bàbá ní bí fílítà bá dí, ọ́ìlì ò ní rọ́nà padà sí táǹkì, á máa ti síìlì látinú títí á fi já, ì báà jẹ́ mọ́tò tuntun. Ibẹ̀ gan-an ni inú tún bí mi. $4,200, kó sì tún máa jò!

$140 ni bàbá gbà, síìlì àti iṣẹ́. Màmá ṣì ná an. Kò yọ kọ́bọ̀, àmọ́ ó fi síìlì kan sí i ní èènì.

Fílítà tí a yọ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọkọ mi fi ọṣẹ àti omi họ́ọ̀sì lásán fọ rédíétọ̀ látinú síta, torí ẹ̀gbẹ́ fáànù ni ìdọ̀tí ń há sí. Ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tu omi tagbáratagbára fọ tiyín, ó máa ń tẹ irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. A tan ẹ́ńjìnnì, a tẹ́ páálí sábẹ́, ẹ̀kán kan ò bọ́.

Carlsbad? Ó dára ju àwòrán rẹ̀ lọ. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, 56°F ni inú ihò náà. Ẹlẹ́fétọ̀ sọ̀ wá kalẹ̀ ní nǹkan bíi 750 ẹsẹ̀ bàtà, Màmá ń pe Jésù títí a fi dúró. Nírọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn jókòó ń dúró de àdán tó máa ń fò jáde látinú ihò náà. Màmá ní òun ń lọ sùn, ṣé àdán Yunifásítì Ifẹ̀ ò tó wọn ni?